Omi Nélida àti Ñokí Màmá Ofelia

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Nélida fi ń po oògùn atọpasẹ̀ àrùn tí ìdánwò ń dá a padà. Láàárọ̀ òní, nílé ìwòsàn kan ní Montevideo, omi tó mọ́ gaara ṣàn jáde lẹ́yìn ògiri òjé, ó gba gbogbo ìdánwò kọjá, ó sì pọ̀ ju èyí tẹ́nikẹ́ni tíì pò níbẹ̀ rí. Nélida ń fò kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó ń kì í:

"Omi aláìláwọ̀, ọlọ́jọ́ kúkúrú. Ṣúgà tí í wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ tú àṣírí jẹjẹrẹ. Ọlọ́run ló fún mi lọ́gbọ́n, èmi ni mo pò ọ́."

Milton, nọ́ọ̀sì, yọ lójú ọ̀nà. "Dókítà, ẹ rọra jó. Màmá Ofelia ti jẹun."

Nélida pa ijó tì. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá tó ti ọ̀nà jíjìn ní Tacuarembó wá yìí, àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ máa yà lónìí ló sì máa sọ ibi tí àrùn sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ti jẹun, oògùn ò ní ríṣẹ́ ṣe lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì ni agbára oògùn náà ń dín sí ìdajì.

"Màmá, ṣebí a ní kẹ́ ẹ má fẹnu kan nǹkan?"

"Ọjọ́ kelòó lòní, ọmọ mi?"

"Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n."

"O ò rí i? Ṣé kí n wọnú ẹ̀rọ yín láìjẹ ñokí, kí oríire wá gba ilé ẹlòmíì lọ?" Lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù ni wọ́n ń jẹ ñokí, òkèlè ànàmọ́ kéékèèké, pẹ̀lú owó lábẹ́ abọ́, kí oríire lè wọlé.

"Mélòó lẹ jẹ?"

"Méje péré."

Milton wúkọ́. "Màmá, mo rí abọ́ yẹn o, ó kún dẹ́nu. Ẹ tiẹ̀ fi owó sábẹ́ rẹ̀."

"Ṣé ó yẹ kí n fi sórí rẹ̀ ni?"

Nélida mú bírò. Wákàtí mẹ́rin ni Màmá gbọ́dọ̀ fi dúró. Ìdá kan nínú mẹ́rin oògùn ló máa kù nígbà náà. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó tẹ́lẹ̀ ni, kò ní tó. Ó tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì. Ti òní yìí tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ní aago méjì ọ̀sán, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ Màmá ti wálẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oògùn náà.

"Wákàtí kan, Màmá. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣan tó bá ṣiṣẹ́ ló máa jẹ ṣúgà náà."

Màmá tí ò tíì panu mọ́ látàárọ̀ di ẹnu pọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Nélida wò ó láti ẹnu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ojú Màmá náà ń dán.

"Dókítà, ẹ jáde," ni Milton wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́."

Nélida sáré jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá.

Nígbà tí àwòrán jáde, ibì kan ṣoṣo ló tàn, ó kéré, ọ̀bẹ sì lè dé ibẹ̀. Nélida wọlé lọ sọ fún Màmá pé ó lè sọ̀rọ̀ báyìí.

Màmá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ráyè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.