Ẹni Karùn-ún fún Adáwọ́dúró

Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà ni wọ́n ń torí ẹ̀ jà. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Bí ọjà ìwé alàwòrán àwọn akọni ṣe rí nìyẹn: oṣù tuntun á wọlé, kátálọ́ọ̀gì á dé, oníbàárà á sì yan ìwé tí yóò jáde lẹ́yìn oṣù méjì, tó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń yà á gan-an má tíì yà tán. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ni wọ́n máa fi hàn ọ́, pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta tí àwọn tó ń tà á fi ń fọ́nnu. Ohun tó o bá yàn, tìẹ ni. Kò sí dídá padà. Ìwọ̀nba èyí ni àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n lọ́mọ nílé, ń tẹjú mọ́, tí wọ́n á wá máa dájọ́ bí ẹni pé àwọn ló jókòó ti ayàwòrán nígbà tó ń yà á.

Àǹtí Àpótí ni wọ́n ń pe obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀ lẹ́yìn káńtà, níbi tí Àǹtí ń kó ìwé wọn sí bó bá ṣe ń dé. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wọlé, ẹni kọkànlá á máa mí sí wọn lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí kátálọ́ọ̀gì bá sì dé, èèyàn mẹ́wàá kì í ṣe nǹkan kan.

"Ẹ wo ti Ẹ̀gún-Irin," ni kápẹ́ńtà wí lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. "Wọ́n ní ó máa fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Ọba Eérú ya."

"Ó ti fà á ya lọ́dún tó kọjá," ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dá a lóhùn. "Ṣé ó tún hù ni?"

"Ọba ni, sà. Tọba máa ń hù."

"Ẹ kọ mí sí i," ni alápatà wí. Ọkùnrin yìí ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ já màlúù sí wẹ́wẹ́, síbẹ̀ ìwé tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ta sára ògiri nìkan ló ń yàn. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí, á ní ẹran tòun kì í bá òun jà padà.

Télọ̀ ni ẹni tó jókòó sórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Òun ló gbé àga náà wá láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Alásọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á bí oyè, ó sì máa ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Kò sí ìwé tó ń bọ̀ tí kò mọ òpin rẹ̀. Bí ìwé náà bá jáde tí kò rí bẹ́ẹ̀, á ní àwọn tó kọ ọ́ ló ṣìṣe.

Ìwé tó fi sọ́kàn jù lọ ni Adáwọ́dúró. Akọni inú rẹ̀ lágbára débi pé bó bá lu èèyàn kan ṣoṣo, àdúgbò á wó; nítorí náà kì í lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á nà án, wọ́n á dáná sun ún, wọ́n á fi mọ́tò gbá a, á kàn dì wọ́n mú títí á fi rẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ ni télọ̀ ti ń kéde pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí akọni yìí yóò lu ẹnì kan, ẹ̀ṣẹ́ kan péré, tí gbogbo ayé á gbọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀ṣẹ́ kò wá, àwọn òǹkàwé ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kátálọ́ọ̀gì oṣù yìí wá sọ pé èyí tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn. Àwòrán rẹ̀ sì nìyí: Adáwọ́dúró gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ kéré, àwọn tó ń pín ìwé wọn kì í sì kó o wá fún ṣọ́ọ̀bù tí kò bá béèrè ẹ̀dà márùn-ún. Àǹtí Àpótí yóò mú ọ̀kan, télọ̀ ọ̀kan, kápẹ́ńtà ọ̀kan, olùkọ́-fẹ̀yìntì ọ̀kan. Ó ku ẹnì kan. Bí ẹni náà kò bá yọjú kí Àǹtí tó fi iye ránṣẹ́, tó sì tilẹ̀kùn, kò sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nílùú tó ń ta irú ẹ̀. Télọ̀ kò ní fojú kan òpin ìwé tó ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ káàkiri. Ó ti bẹ gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ku alápatà nìkan, tó jẹ́ ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Àna mi àtàtà," ni télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Mú ọ̀kan. Nítorí tèmi."

Alápatà ń ṣí kátálọ́ọ̀gì lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n máa pa nínú ẹ̀?"

"Wọn ò ní pa ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n á gé ẹsẹ̀ ẹnì kan, ó kéré tán."

"Ó máa luni, mo ní. Ẹ̀ṣẹ́ kan. Ṣé o ò rí ọwọ́ ẹ̀ lókè ni?"

"Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní ẹ̀ṣẹ́ ti dé. Ẹ ṣíwèé, takisí ló ń dá dúró. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń nu gíláàsì fèrèsé."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wà ní ìpàdé, ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù kan. Olùkọ́-fẹ̀yìntì pàápàá, tó ti fẹnu ara rẹ̀ ní òun máa rà á, yọ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nu omijé. Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

"Kí ni mò ń retí lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ pé òkú ẹran ló ń bá jà? Ẹran á wà lórí ìkọ́, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ ẹ, wàá wá máa pe ara ẹ lọ́kùnrin."

"Ẹ̀yin náà kúkú ń gún nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ni ò kàn lè ké."

Ẹ̀rín kejì yìí ló burú. Télọ̀ sì ti gbà tipẹ́ pé òun mọ ìjà. Ẹni tó ti wo ẹ̀ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, láti igun gbogbo, pẹ̀lú àwọ̀ mèremère, kí ló kù tí yóò kọ́? Ó fa apá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń yà á nínú ìwé, títí ìgúnpá rẹ̀ fi gbá gíláàsì olùkọ́-fẹ̀yìntì bọ́ sílẹ̀, ó sì ju ẹ̀ṣẹ́.

Ó ba alápatà lẹ́nu. Ètè rẹ̀ là sí méjì lórí eyín, eyín kan náà sì ya ẹ̀yìn ọwọ́ télọ̀ débi pé funfun egungun yọjú. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, kò sí èyí tó sọ fún un pé ẹni tó ń luni náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀.

Alápatà fọwọ́ nu ẹnu, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ lù mí."

Bó ṣe pè é ní ẹ̀gbọ́n tán ló fọ́ ọ nímú. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Télọ̀ fẹ̀yìn lu pẹpẹ ìwé, pẹpẹ náà wó lé e, àwọn akọni bò ó mọ́lẹ̀. Kápẹ́ńtà pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń sọ fún alápatà bí yóò ṣe fẹsẹ̀ gbá a, àwọn mìíràn ní rárá, kó jẹ́ kó kọ́kọ́ dìde, ìyẹn ló dùn-ún wò.

Télọ̀ dìde lóòótọ́. Sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, èyí tí kì í kúrò lápò rẹ̀, ló mú dìde. Ó fi gún alápatà lápá, lókè ọrùn-ọwọ́. Sísọ́ọ̀sì náà wọlé láìsí wàhálà, ó sì jáde pẹ̀lú ariwo kékeré tútù kan tó mú kí kápẹ́ńtà sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Kò sí ẹni tó tún gbani nímọ̀ràn.

Alápatà gbá a lọ́rùn mú bó ṣe ń mú àgbò, ó tẹ orí rẹ̀ mọ́ káńtà, lórí kátálọ́ọ̀gì gan-an, ó sì gbé ọwọ́ kejì sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti apá tí sísọ́ọ̀sì gún sójú télọ̀. Ẹni tó bá ń ka Adáwọ́dúró á mọ̀ pé ibi báyìí ni ọwọ́ máa ń dúró. Alápatà kò kà á rí. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, eyín méjì fò jáde lẹ́nu télọ̀. Ó tún gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ojú òsì télọ̀ sì padé. Ó ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí Àǹtí Àpótí da garawa omi ìnulẹ̀ lé wọn lórí. Nígbà tí omi ò ràn án, ó fi garawa náà gbá alápatà lẹ́yìn orí. Àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ pọ̀.

Ẹnì kan ti sáré sọdá títì lọ pe nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì yìí ni àbúrò télọ̀, òun náà sì ni ìyàwó alápatà. Ó wọlé, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ nínú omi pupa kan náà. Kò pariwo.

"Nítorí kí ni?" ló bi wọ́n.

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Olùkọ́-fẹ̀yìntì, tó ń táràrà wá gíláàsì rẹ̀, ló wá fèsì. "Nítorí ìwé kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì."

"Ìwé kí ni?"

"Ti akọni kan tí kì í lu èèyàn."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà."

Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì há imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tò ó padà. Igbe tí télọ̀ ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹ̀yìn títì. Ó rán apá ọkọ rẹ̀ láìfún un lóògùn apàrora kankan. Ó ní oògùn wà ní kílíníìkì, òun kàn gbàgbé láti mú un wá ni.

"Olówó orí mi, ẹ má mira. Télọ̀ ń wo bí mo ṣe ń rán nǹkan, ẹ má jẹ́ kójú tì mí."

Àǹtí Àpótí ń gbá ìwé tútù jọ. "Alásọtẹ́lẹ̀, ẹ gbé àga yín. Ẹni tó bá mú sísọ́ọ̀sì jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò ní àpótí níbẹ̀ mọ́."

"Adáwọ́dúró ńkọ́?" ni télọ̀ bi í, ọ̀rọ̀ ń gba àyè eyín jáde.

"Ó ti di ẹni mẹ́ta. Mi ò béèrè rẹ̀ mọ́."

Télọ̀ bojú. Àwọn tó ti ń fi í rẹ́rìn-ín tipẹ́ kò lè wò ó.

"Ẹ kọ mí sí i," ni alápatà wí láti ilẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i. "Ẹ̀jẹ̀ mi ti wà lára ẹ̀. Mi ò lè ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórí nǹkan kí n má mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ó di mẹ́rin. Télọ̀ rọra yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Àbúrò mi."

"Rárá."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ọkọ mi bí aṣọ tán, ẹ wá fẹ́ kí n ra ìwé ọmọdé."

"Kì í ṣe ìwé ọmọdé," ni télọ̀, kápẹ́ńtà, olùkọ́-fẹ̀yìntì àti Àǹtí Àpótí sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì já òwú. "Ó dáa. Màá mú ọ̀kan, ṣùgbọ́n ilé mi ló máa wà. Ẹ̀yin lẹ máa wá, ẹ máa jókòó sí tábìlì wa, ẹ máa kà á níbẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ mi bá ti ka tirẹ̀ tán. Kí n tó san nǹkan kan, ẹ bẹ̀ ẹ́. Níbí yìí. Lójú gbogbo wọn."

Àǹtí ti mú fóònù lọ́wọ́, ó ń wo télọ̀. Télọ̀ wo àwọn tó dúró yí i ká, àwọn tó ti ń kéde fún láti ọjọ́ yìí wá. Ó wo àwòrán kékeré tó ti rẹ mọ́ orí káńtà.

"Àna mi," ó ní, "ẹ má bínú."

Ó sọ "ẹ" fún ẹni tó ti ń pè ní "ìwọ" láti ọjọ́ tó ti fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé èyí dùn ún ju imú lọ.

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n," ni alápatà wí, ètè rẹ̀ ti wú bí bàtà. "Ẹ fojú fo ti eyín náà."

Àǹtí fi márùn-ún ránṣẹ́. Télọ̀ gbé àga rẹ̀ lé èjìká, òwú nínú ihò imú méjèèjì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Àna mi, tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ má sọ fún mi o."

"Mi ò ní sọ."

"Bóyá ó luni tàbí kò luni. Ẹ má sọ ọ́."

"Ṣebí ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?"

Télọ̀ gbé àga náà sí èjìká kejì.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni àbúrò rẹ̀ wí, ó ń fọ ọwọ́. "Ọkọ mi ò lè fi nǹkan pamọ́. Ẹ bá ti wọlé, ojú ẹ̀ lẹ máa ti rí i."

Télọ̀ ronú sí i díẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀.

"Ilẹ̀ ni màá máa wò wọlé nígbà yẹn."