Ife Kékeré Kan Kí Wọ́n Tó Lọ

"Ẹnikẹ́ni kì í ti ilé mi jáde lẹ́nu gbígbẹ," Dobri wí, ó sì tún da ọtí sí ife Kiro. "Ẹ̀jẹ̀ lẹ ń lọ fún ìyàwó mi, kì í ṣe omi. Ṣé kí n kàn máa wò yín ni?"

Ọtí rakia ni, èyí tí òun àti Neda, ìyàwó rẹ̀, fi àjàrà ẹ̀yìnkùlé wọn pọn lọ́dún tó kọjá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà, ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń hó. Neda ló sin ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún láti kékeré, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á nínú oṣù Kejìlá yìí, orí ibùsùn ọsibítù ló wà, ikùn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú.

Dókítà ò fi bọpo bọyọ̀. Kí èèyàn mẹ́ta lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ Neda, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí mẹ́ta wá kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ abẹ á sì wáyé. Bí wọn ò bá rí i, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kàn án, torí ẹ̀jẹ̀ ò sí nílẹ̀. Dobri fúnra rẹ̀ ò lè fi sílẹ̀. Ibà apọ́njú tó ṣe é nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ológun ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di èyí tí wọn kì í gbà. Ló bá di pé ó ń bẹ èèyàn, bẹ́ẹ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń tún ojú irin ṣe ló dá a lóhùn: Kiro, Metodi àti Ismet. Ojú tì í gan-an láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ohun tó sì mọ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ ìtìjú kò ju kó gbé oúnjẹ àti ọtí sórí tábìlì lọ.

Kiro jẹ, ó mu. Metodi jẹ jù ú lọ. Búrẹ́dì nìkan ni Ismet ń rún lẹ́nu.

"Ìwọ ńkọ́?" Dobri bi í.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, n kì í sì í mutí."

"Ogún ọdún la ti jọ ń ṣiṣẹ́, o ò tíì jẹ nǹkan mi rí! Ṣé májèlé ni mo fi sí i ni?"

Metodi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa fún ìmáàmù ní tíì."

Dobri bu tíì fún un, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń kọ oúnjẹ ẹni, ó ní nǹkan nínú síni.

"Ẹ̀gbọ́n Dobri," Ismet rọra wí, "ṣé kò yẹ kí àwọn yìí dúró ná? Mo máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ yẹn. Wọn kì í…"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe àlejò nílé ara mi?"

Ismet gbé tíì rẹ̀ mu.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ti hu ewú, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò tíì béèrè orúkọ tó fi fún imú pọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, kí lẹ mu?"

"Díẹ̀ báyìí ni," Kiro wí. "Ife kékeré kan."

"Ife kékeré mélòó?"

Kiro wo Metodi, Metodi wo ilẹ̀. "Ó lè tó mẹ́rin."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé kí n wá fa ọtí sára aláìsàn ni? Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀la àti ọ̀tunla, a ò ní ṣí."

"Èmi ni mo fún wọn," Dobri wí. "Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Mo ní kí n fi dúpẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Obìnrin náà ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. "Bàbá," ó wí, "ìgbà tí wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ la wà yìí. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó mutí wá síbí láti àárọ̀."

Kiro àti Metodi jáde lọ dúró sínú òjò dídì, wọn ò lè wo ara wọn lójú. Wọ́n mú Ismet wọlé, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀. Dobri jókòó tì í, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba inú rọ́bà tín-ín-rín.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ṣe èyí?" ó béèrè.

"Ìkẹtàlélógún rèé."

"O ò sọ fún wa rí."

"Ẹ ò béèrè. Nígbà tí ìyá mi bí mi, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ dà tán lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí a ò mọ̀ ló gbé wọn dìde. Wọ́n máa ń sọ pé, 'Ismet, o ní ìbátan kan tí o ò mojú rẹ̀.' Tí mo bá wá síbí, ó máa ń dà bíi pé mo lọ kí i nílé ni."

Dobri sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Má bínú sọ́rọ̀ àárọ̀ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo?" Ismet wí.

Dókítà wo ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo náà, ó mi orí. "Ọ̀kan ò tó láti fi la ikùn. A óò fún wọn ní àpò kan, bóyá ó lè gbé wọn dé ọjọ́ Ajé."

"Ṣé ó máa dé ọjọ́ Ajé, dókítà?"

Dókítà ń to àwọn ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Ẹ lọ jókòó tì wọ́n," ó wí.

Ojú Neda funfun bí ìyẹ̀fun. Wọ́n ti gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ sókè orí rẹ̀. Ó la ojú nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n wá?"

"Wọ́n wá."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ṣé o fún wọn ní nǹkan jẹ? Díẹ̀ ló kù kí n pè ọ́ láàárọ̀ láti rán ọ létí. N ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé torí Neda ò sí nílé ni wọ́n fi jáde lẹ́nu gbígbẹ."

Omi lé ròrò sójú Dobri, ó sì yí orí sójú fèrèsé kí Neda má baà rí i.

"Mo fún wọn," ó wí.

"Àti rakia?"

"Àti rakia."

"O ṣeun," Neda wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pa ojú dé. "Ọkàn mi balẹ̀."

Dobri di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù. Ó gbé ojú sókè wo àpò ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ti lọ sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ò tíì ṣú.