Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Gáréèjì

"Ọkọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ o," ni ohùn obìnrin kan wí nínú fóònù. Kò tilẹ̀ kí i.

Apoògùn yọ fóònù kúrò létí, ó wo ojú rẹ̀. Nọ́ńbà lásán, kò sí orúkọ. Ìpàdé àwọn apoògùn ń lọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, alága ń ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú oògùn olómi lásìkò ooru, òjò sì ń lu òrùlé débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni?"

"Èmi tí mo ta ọkọ̀ fún yín ni. Oníṣègùn eyín. Ẹ má bínú pé mo pè. Ṣé inú ọkọ̀ lẹ wà?"

"Rárá o. Ọkọ̀ wà nílé, nínú gáréèjì."

"Ta ló wá ń wà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń wà á. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí." Lóòótọ́, ó ti ki ọwọ́ bọ báàgì, ó ti di kọ́kọ́rọ́ náà mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi ná. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Á ṣiṣẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mo kọ́kọ́ ní kò kàn mí. Àmọ́ ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, ni mo ṣe ní kí n pè yín."

Ìbínú ló kọ́kọ́ gun Apoògùn. "Ẹ dákun, báwo lẹ ṣe mọ̀? Níbo lẹ ti ń wo ọkọ̀ mi?"

Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ṣì wà lórí fóònù mi. Áàpù ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí mo tà á, ó yẹ kí n yọ ara mi kúrò níbẹ̀, n ò yọ ọ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni ò jẹ́ kí n lè máa wọlé jáde nínú rẹ̀ mọ́, kì í ṣe pé ó sú mi. Mo kàn máa ń yọjú wò ó lójoojúmọ́ ni, bí ẹni ń yọjú wo ọmọ tó ti relé ọkọ. Mo mọ̀ pé kò dáa."

Ara Apoògùn bù máṣọ. Ìyẹn ni pé gbogbo ibi tí òun ń gbé ọkọ̀ yìí lọ ni ẹnì kan ń wò! Ṣọ́ọ̀bù, ilé onídìrí, títí kan ilé ọ̀rẹ́ kan tí òun ti búra fún gbogbo èèyàn pé òun ò ní í yà sí mọ́ láyé. Ó la ẹnu láti bú obìnrin náà. Ẹnu ti là tán kí ọ̀rọ̀ tó kù tó wọ̀ ọ́ lára. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Inú gáréèjì ló ti ń ṣiṣẹ́, gáréèjì tí òun fúnra òun ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́sàn-án yìí. Yàrá Bàbá ló sì wà lẹ́yìn ògiri ibẹ̀.

"Yéè! Bàbá mi o!"

Alága dákẹ́ lórí pèpéle. Gbogbo orí nínú gbọ̀ngàn yí sí ẹnu ọ̀nà.

Apoògùn ni. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó mọ èéfín yẹn dáadáa, èyí tí kì í rùn, tí kì í jẹ́ kéèyàn wúkọ́, tó kàn máa ń mú kí oorun kun èèyàn. Ó sì mọ̀ pé lásìkò yìí, orí ibùsùn ni bàbá òun máa ń wà, wọ́n á ti yọ bàtà, wọ́n á ti fi aṣọ bo ojú.

"Ṣé ẹ lè pa ẹ́ńjìnnì náà láti ibẹ̀ yẹn?" Ó ti ń sáré lọ sí ìta, òjò ń lù ú.

"Mo ti gbìyànjú, kò gbà. Mo lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo lè ṣí i, mo lè tan iná rẹ̀, mo lè tẹ họ́ọ̀nù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ tẹ họ́ọ̀nù! Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má dáwọ́ dúró! Bàbá mi wà nílé!"

"Háà!" ni oníṣègùn eyín wí. "Mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onígíláàsì, nítorí awò ojú ló ń tà, ló gbé e wá sípàdé. Ó wà nínú jíìpù rẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń sùn, ó ní òun ò ní í kúrò níbẹ̀ títí òjò á fi dá. Apoògùn fi ọwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì.

"Ilé! Gbé mi lọ sílé! Mi ò pa ọkọ̀!"

Onígíláàsì ò béèrè ohunkóhun. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó já sójú títì, ó sì pa ẹnu dé pátápátá. Ìyẹn gan-an tún wá dá kún ẹ̀rù Apoògùn.

Ẹ ò lè lóye bí irú nǹkan yìí ṣe ṣẹlẹ̀ láìmọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, apoògùn tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ló dìde lọ́jọ́ kan tó ra àlòkù ọkọ̀ eléré ìje. Ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, ó rẹlẹ̀ débi pé téèyàn bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ká ní ó gbé e pamọ́ de ọjọ́ àríyá ni, à bá ní kò burú. Àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń wà á. Ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e lọ ra àlùbọ́sà, ó ń de páálí oògùn mọ́ ìjókòó kejì bí ẹni de èèyàn. Àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ títí, ó rẹ̀ wọ́n. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn méjèèjì nìkan jọ ń gbé, yí ọkọ̀ náà po lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ọ̀pọ̀lọ́ lo rà wá yìí o!" Orúkọ tó mọ́ ọn lára nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó rẹlẹ̀ ló ń dun Bàbá. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọkọ̀ náà ń lo bátìrì, ó tún ń lo epo. Bátìrì ló fi máa ń gbéra, kò ní í dún rárá. Ìgbà tó bá wu òun fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń jí lẹ́yìn ìjókòó, tí ilẹ̀ á sì máa gbọ̀n. "Ọkọ̀ tó ń fọhùn nígbà tó bá wù ú!" Bàbá á mi orí. "Ta ló kọ́ ọ níwà?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, awò ìkàwé ni Apoògùn gbàgbé. Ó yà sílé, ó wa Ọ̀pọ̀lọ́ wọnú gáréèjì, ó fi rìmóòtù ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀ kí òjò má baà wọlé. Gíláàsì iwájú ti ṣú fún ooru ẹnu, ó ti yí ẹ̀rọ amúlétutù dé òpin. Ibi tó ti ń kó báàgì ni Onígíláàsì ti pè é láti ẹnu géètì: "Ọ̀nà ti di odò! Àbí Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni? Jáde, ìwọ tí ò ń bá onígíláàsì rìn tí o ṣì ń wá awò kiri!" Apoògùn rẹ́rìn-ín, ó jáde, ó gba pálọ̀ kọjá, ó mú awò, ó lọ. Ọkọ̀ mìíràn ì bá máa kùn lẹ́yìn rẹ̀, ì bá sọ fún un pé òun ò tíì kú. Eléyìí, tó bá wà láàyè, kẹ́kẹ́ pa. Tó bá kú, kẹ́kẹ́ pa. Bó bá tilẹ̀ ké pín-ín-pín-ín pé kọ́kọ́rọ́ ti jìnnà, ta ló máa gbọ́ ọ lábẹ́ òjò yẹn? Ẹ̀rọ amúlétutù wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bátìrì. Ó rẹ bátìrì. Ni ọkọ̀ bá jí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni.

"Wọn ò gbé fóònù," ni Apoògùn ń wí nínú jíìpù. "Wọn ò gbé e! Wọn ò gbé e!"

"Pe aládùúgbò yín kan."

Apoògùn wo fóònù rẹ̀. Kò ní nọ́ńbà aládùúgbò kankan. Ó mọ ojú wọn, ó máa ń gbé ọwọ́ sókè kí wọn láti inú ọkọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pe oníṣègùn eyín padà. Kíá ló gbé e. "Mo ń tẹ̀ ẹ́," ló ní, ó sì ń tún un sọ léraléra, àfi bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Omi dé ìdajì táyà jíìpù. Onígíláàsì ń rọra wọ́ ọ lọ, Apoògùn ń fi ẹsẹ̀ tẹ búrékì tí kò sí níwájú rẹ̀, ó ń tẹ pẹ́dàlì epo tí kò sí níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bú ara rẹ̀, ó tún ń bẹ Ọlọ́run.

Wọ́n gbọ́ họ́ọ̀nù kí wọ́n tó yí kọ́nà. Géètì ṣí gbayawu. Ilẹ̀kùn gáréèjì ti lọ sókè, Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Lórí ilẹ̀ nínú òjò, Bàbá nà gbalaja, orí wọn wà lórí ẹsẹ̀ télọ̀ tó ń gbé ilé kejì. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Wọ́n ń mí," ni télọ̀ kọ́kọ́ wí. Apoògùn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Mo wá bú yín ni o, mi ò ní í purọ́," ni télọ̀ ń sọ lọ, ẹ̀rù ò tíì jẹ́ kó lè dákẹ́. "Họ́ọ̀nù yẹn ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà mi ń sọ. Mo ní orí àwọn aráabí ti dàrú. Mo wọlé kí n wá pariwo, mo fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn sókè, ni mo bá Bàbá nínú gáréèjì, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi orí ti ara ọkọ̀. Mo rò pé wọ́n sùn ni."

Nínú gáréèjì kẹ̀? Apoògùn gbọ́ ọ, kò rí ibi gbé e sí. Ó di èémí mú, ó sáré wọlé, ó ṣí ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ohun gbogbo dákẹ́, àfi òjò.

"Ó ti tó," ló sọ sínú fóònù. "Ẹ dá a dúró. Wọ́n ń mí."

Obìnrin tó wà lódìkejì bú sẹ́kún.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi nǹkan afẹ́fẹ́ bo Bàbá nímú. Dókítà ní bí kò bá jẹ́ pé ẹni tó gbé wọn jáde tètè dé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Onígíláàsì lọ wá aṣọ gbígbẹ. Oníṣègùn eyín tún pè, ó béèrè bóyá Bàbá ti lajú, ó ní òun á yọ ọkọ̀ náà kúrò lórí fóònù òun lónìí olónìí.

"Ẹ má yọ ọ́," ni Apoògùn wí. Ẹnu ya òun alára.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá lajú. Wọ́n wo àjà, wọ́n wo obìnrin tó jókòó tì wọ́n, wọ́n fa nǹkan afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá mi."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, Bàbá."

"Mo gbọ́ tí Ọ̀pọ̀lọ́ fọhùn. Inú mi dùn. Mo ní o ti dé. Mo gbé àpótí lọ síbẹ̀, mo jókòó tì í. Gíláàsì yẹn dúdú jù, mi ò rínú. Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìta. Mo sọ ti orúnkún mi, mo sọ ti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wa tírélà, èyí tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ò dáhùn. Mo ní iṣẹ́ ti rẹ̀ ẹ́, kí n jẹ́ kí o sinmi díẹ̀ ná."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Apoògùn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Kò séèyàn nínú ọkọ̀, Bàbá. Mo ti jáde lọ. Mo kàn yà mú awò ni."

"O yà?" Ó ya Bàbá lẹ́nu. "Mi ò gbọ́ wíwọlé rẹ o. Mi kì í tiẹ̀ gbọ́ wíwọlé rẹ mọ́. Màá kàn rí i pé o ti jẹun, o ti wẹ̀, o ti wọ yàrá."

Bọ́tìnnì kan wà lápá òsì ọwọ́ ìwakọ̀, èyí tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́, tí ọkọ̀ á fi bátìrì nìkan yọ́ rìn. Lójoojúmọ́, tí Apoògùn bá ti dé kọ́nà tó kángun sílé, ìka rẹ̀ á ti wà níbẹ̀. Epo ni òun ń ṣún ná. Ohun tó sọ fún Onígíláàsì nìyẹn, ó sì ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ náà.

Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn. Ó dá nǹkan afẹ́fẹ́ padà sí imú bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Ọ̀rẹ́ yín yẹn, Bàbá. Kí lẹ sọ nípa wọn?"

"Ó gùn o," ni Bàbá wí lábẹ́ nǹkan afẹ́fẹ́.

Apoògùn mọ̀ pé ó gùn. Nítorí ìyẹn gan-an ló ṣe ń tẹ bọ́tìnnì.