Ẹni Tó Kí Wa Lórí Omi

Ìkùukùu ló máa ń kọ́kọ́ jí ní èbúté yẹn. Á rọra rìn lórí omi, á bo okùn, á bo òpó, títí gbogbo ọkọ̀ á fi dà bí ohun téèyàn rí lójú oorun. Inú ọ̀kan nínú wọn ni Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Wọ́n ti ta ilé tí wọ́n ní nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún, wọ́n fi owó rẹ̀ ra ògbólógbòó ọkọ̀ onípákó yìí nílùú onílùú, Káfíńtà sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Òun nilé, òun ni yàrá, òun ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé. Ojú ìyàwó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní tí omi bá ti ń mi òun jẹ́jẹ́ báyẹn, òun kì í rántí pé òun ò ríran dáadáa mọ́.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ti ìyàwó kọ́ ni mò ń wí o, ti Káfíńtà ni.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù gun orí ọkọ̀ wọn tòun ti bàtà. Kò kí wọn ẹ káàárọ̀, kò béèrè bí wọ́n ṣe jí. Ó ní, "Ìwé ọkọ̀ dà?"

Háà! Káfíńtà tó ti lé láàádọ́rin ọdún! Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fi ìwọ̀nba èdè ìlú náà tó gbọ́ dá a lóhùn: "Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ná, kó o tó wá béèrè ìwé."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Fúráídè. Ọkọ̀ àjèjì tí kò bá ní ìwé lọ́jọ́ náà, ṣéènì ló kàn, wọ́n á wọ́ ọ gòkè, wọ́n á sì lù ú ní gbàǹjo. Ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ ò bá ti fi ìwé náà hàn án, Bàbá wọn," ìyàwó sọ látinú yàrá.

"Ẹni tí ò kí mi, kí ni mo fẹ́ fi hàn án?"

Káfíńtà ń mu tíì lọ́jọ́ kejì nígbà tí ohùn kan jáde látinú ìkùukùu: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!"

Èdè wa! Oṣù mọ́kànlá gbáko ni etí Káfíńtà ò ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun ló tẹríba lórí èbúté, ọwọ́ méjèèjì láyà. Èdè ìlú ló fi sọ ìyókù: pé ọ́fíìsì èbúté lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun gbọ́ pé ọmọ kan rí bàbá fín, pé òun á bá wọn tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà kó tó di Fúráídè. Ojúlówó ìwé ni kí wọ́n kó wá o, wọn kì í tẹ òǹtẹ̀ sára fótókópì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: tẹ́ ẹ bá kí èèyàn wa dáadáa, á ṣílẹ̀kùn fún yín, á tún bá yín gbé ẹrù jáde. Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ọkọ̀ fún un.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe tó fi ní ẹ kú iṣẹ́?" ìyàwó béèrè. "Tíì lẹ̀ ń mu."

"Ṣé tíì mímu kì í ṣiṣẹ́ ni?"

"Nígbà tó ń lọ, ẹ kú iṣẹ́ náà ló tún sọ. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa á ní ó dàbọ̀."

"Ìyá wọn, o ti ń fura jù."

Ọjọ́rú kọjá, Onífìlà ò dé. Lọ́jọ́bọ̀, Káfíńtà lọ sí ọ́fíìsì èbúté. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń dé fìlà funfun níbẹ̀. Bó ṣe délé ni kò mọ̀. Ó kàn rí i pé etí ibùsùn lòun jókòó sí, ìmọ́lẹ̀ omi ń jó lára àjà. "Mo ti fọwọ́ ara mi gbé ilé wa fún olè," ló sọ, ó bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kan wá ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìkejì tọ ara igi ẹ̀yìn ibùsùn lọ bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá oorun.

Ọmọbìnrin aláṣọ búlúù dé lọ́jọ́ Fúráídè pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti ṣéènì. Lọ́tẹ̀ yìí, Káfíńtà ló kọ́kọ́ kí i. "Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi." Kò dáhùn. Káfíńtà ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣìkarùn-ún lóṣù yìí. Ìkíni kan péré ni olè yẹn máa ń kọ́ nínú èdè ẹni tó bá fẹ́ jà lólè. Ó fẹ́ fi ìwé yẹn ta ọkọ̀ yín ni." Ó yíjú sínú ọkọ̀. "Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀ wà nínú ìwé ńlá ọ́fíìsì wa. Ara igi tó dábùú inú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí. Ẹ fi igi yẹn hàn mí."

Káfíńtà mi orí. "Ó ti jẹrà. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣéènì.

"Méjì," ìyàwó sọ látinú yàrá. "Méje. Òdo. Mẹ́rin. Mẹ́sàn-án."

Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó da àwọn nọ́ńbà náà kọ sí, ó rí i pé ó bára mu, ó sì gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n dúró. Wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ibùsùn, wọ́n rí igi ògbólógbòó kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí Káfíńtà tẹ̀ sínú igi tuntun láìkan ìṣó. Káfíńtà ti rò pé ìwọ̀n tí káfíńtà ìṣáájú gbẹ́ síbẹ̀ ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló máa ń sọ pé igi tí ẹlòmíì ti fọwọ́ gbẹ́, èèyàn kì í sọ ọ́ sínú iná. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ tọ ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé, ó pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọ ìwé tuntun.

"Èmi ní kí ẹ mú ìwé wá, ẹ lé mi," ló wí. "Kí ló dé tí ẹ fi gbé e fún un?"

"Ó kí mi."

Ọmọbìnrin náà gbé ìwé tuntun náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n gbé ṣéènì wọn, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Káfíńtà ń ha pákó iwájú ọkọ̀ nínú ìkùukùu. Ó ha díẹ̀, ó gbójú sókè wo èbúté. Ó tún ha díẹ̀, ó tún wò.

"Ṣé olè yẹn lẹ̀ ń retí?" ìyàwó béèrè.

"Èmi ò retí olè." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìkíni yẹn ni."

 Nígbà tó yá, ìyàwó jáde, ó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ bọ̀ títí tó fi dúró tì í. Kò pè é ní Bàbá wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ló wí.

 Káfíńtà ń ha pákó lọ, kò sì gbójú wo èbúté mọ́.