Oògùn Ràzíátù

Ọdúnọlá kò fìgbà kan pe ara rẹ̀ ní dókítà, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò Dichemso ní ìlú Kumasi, ní Ghana, tó ń ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ orúkọ mìíràn tí wọn ó pè é. Tẹkiníṣíànì ni. Apoògùn tó kàwé gboyè lọ̀gá, tẹkiníṣíànì sì ni ọwọ́ tí ọ̀gá fi ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka oògùn, tó ń dì í, tó ń kọ bí wọn ó ṣe lò ó sára àpò, tó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà ní Twi, ní Hausa tàbí ní Yorùbá, èyíkéyìí tí onítọ̀hún bá gbé wọlé. Oògùn ikọ́, oògùn inú rírun àti irú wọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n máa ń tì pa, ibẹ̀ ni oògùn líle ń gbé, irú èyí tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé kí wọ́n tó fún aláìsàn. Bí apoògùn kò bá sí nílé, tẹkiníṣíànì kò gbọdọ̀ dá fọwọ́ kàn án. Ohun tí òfin wí nìyẹn.

Òfin náà kò ni Ọdúnọlá lára. Kumasi ni wọ́n bí i sí, ní Fante New Town, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, bàbá náà kò sì gbàgbé ọdún tí ìjọba Ghana ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Bàbá yìí ṣì kéré nígbà náà. Ojú rẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ ṣe ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tí bàbá Ọdúnọlá dàgbà tó padà wá, ó ń tẹnu mọ́ ọn fáwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ṣẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún. Ọjọ́ tí orúkọ Ọdúnọlá jáde láàárín àwọn tẹkiníṣíànì tí ìjọba fọwọ́ sí, bàbá pe gbogbo ìjọ wá jẹun. Láti ọjọ́ náà, lójú Ọdúnọlá, kí ó pa òfin iṣẹ́ mọ́ àti kí ó jẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀kan náà ni.

Evelyn ni apoògùn tí ó bá ṣiṣẹ́. Obìnrin náà mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Kò sí oníbàárà tí kì í bi pé kí ni wọ́n tún ń lò nílé. Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó dágbére, ó lọ. Godfred tó ni ilé oògùn náà ní òun ń wá ẹlòmíràn. Oṣù ń gorí oṣù, kò rí i, tàbí kò wá a. Ọdúnọlá kò mọ èwo. Ìwé ẹ̀rí Evelyn ṣì wà lára ògiri, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lọ́wọ́ Ọdúnọlá. Ó ní òun ò ní ṣí i. Godfred fajú ro. Ó bi í bóyá Ọdúnọlá nìkan ló mọ òfin ní gbogbo Dichemso, nígbà tí àwọn tó yí wọn ká ń tà láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọdúnọlá ní kó sáà wá apoògùn. Ibẹ̀ ni wọ́n fọ̀rọ̀ sí.

Àsìkò yìí ni Hamdia wá fún oògùn ọmọ rẹ̀.

Alabar, àdúgbò mìíràn ní Kumasi, ni Hamdia ń gbé. Ará Ìlọrin ni àwọn tó bí i, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní kóse níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ràzíátù, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, tí wárápá ń ṣe láti kékeré. Bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Evelyn ló máa ń fún wọn, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ìwé náà ti gbó báyìí, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, Evelyn kò sì sí níbẹ̀.

Ọdúnọlá fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un. Ó ní kó padà sí ọsibítù kí dókítà kọ òmíràn, kó sì mú un lọ síbi tí apoògùn wà. Hamdia dúpẹ́, ó lọ. Kò pẹ́ tó tún fi padà dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá ń kú lọ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ilé oògùn kan tó lọ ní àfi ìwé tuntun, òmíràn ní irú oògùn yẹn ti tán lọ́wọ́ àwọn. Èyí tó kù nílé kò ju ti ọ̀la lọ.

"Dókítà, ẹ wò mí," ni Hamdia wí. Ó ti kúnlẹ̀ kí Ọdúnọlá tó lè dá a dúró. "Ẹ mọ ọmọ náà. Ẹ mọ oògùn rẹ̀. Ẹ kì í ṣe ẹni tí n ó máa ṣàlàyé fún."

Ọdúnọlá fà á dìde. Ó pe Evelyn lórí fóònù. Evelyn ní òun kì í ṣe apoògùn Ghana mọ́, ọ̀rọ̀ òun kò lè dúró fún àṣẹ, kí Ọdúnọlá má fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù náà nítorí ara rẹ̀. Nígbà tí Ọdúnọlá gbé fóònù sílẹ̀, Hamdia ti mọ ìdáhùn.

"Ẹ má bínú, Ìyá Ràzíátù," ni Ọdúnọlá wí.

Hamdia ní kò sí nǹkan kan. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jáde.

Nídìí àgbada kóse ni wárápá ti gbé Ràzíátù. Ìyá rẹ̀ yísẹ̀ lọ bomi, ọmọ náà ṣubú, apá rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan wọnú òróró gbígbóná. Oníbàárà kan ló ròyìn rẹ̀ nílé oògùn, bí ẹni ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ọdúnọlá bá a ka oògùn tó wá rà, ó ṣì í kà, ó tún un kà, ó ṣì í kà. Godfred gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gba Ràzíátù sí ọsibítù nígbà náà, nítorí ó ti di ẹni tó ń kú lọ. Ọdúnọlá lọ wò ó. Wọ́n ti fi báńdéèjì di orí ọmọ náà títí dé ọrùn, ojú kan ló kù síta. Ó kí Ọdúnọlá. Ó ní màmá òun ti ń jẹ́ kí òun dá kóse dín, pé èyí tí òun dín láàárọ̀ ọjọ́ náà kò jóná rárá, ẹnikẹ́ni tó rà á lè jẹ́rìí. Ọdúnọlá ní òun gbà á gbọ́. Nígbà tó délé, ó sọ fún Ayọ̀níyì ọkọ rẹ̀ pé òun ló fọwọ́ ara òun ti ọmọ yẹn sínú òróró. Ayọ̀níyì, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní òfin ló tì í.

Ìyanṣẹ́lódì parí, wọ́n dá Ràzíátù sílẹ̀. Hamdia wá ra báńdéèjì. Kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan, kò tilẹ̀ wo ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdúnọlá ló dìde fúnra rẹ̀, tó ṣí i, tó ka oògùn wárápá náà bí Evelyn ṣe máa ń kà á, tó sì fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Hamdia di ọwọ́ Ọdúnọlá mú. Ọdúnọlá ń wá bí yóò ṣe mójú kúrò. Nínú ìdààmú yìí, kò rántí bi í pé kí ni ọmọ náà tún ń lò.

Ó sì ń lo nǹkan. Dókítà ọsibítù ti fi oògùn wárápá mìíràn rọ́pò ti àtijọ́, ó sì ti fún wọn ní èyí tí yóò tó wọn lò fún ìgbà pípẹ́. Hamdia kò mọ̀wé. Ó rò pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, pé bí oògùn méjì bá gbógun ti àrùn kan, àrùn ọ̀hún kò ní rí ọ̀nà gbà. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ ní méjèèjì láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí Ọdúnọlá ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, kò rí i tì mọ́. Aláìsàn mìíràn wá, ó fún un. Òmíràn gbọ́, òun náà wá. Inú Godfred dùn, kò sì béèrè nǹkan kan. Hamdia yà wá ní ọjọ́ kan, ó fi ayọ̀ sọ pé wárápá kò gbé Ràzíátù mọ́, pé ọmọ náà ń sùn dáadáa, àní oúnjẹ gan-an, àfi kí wọ́n jí i kó tó jẹ ẹ́. Ọdúnọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ìgbà tí jàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀.

Ràzíátù sùn, wọn ò sì rí i jí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó kú síbẹ̀. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Mùsùlùmí.

Nígbà tí Ọdúnọlá lọ bá Hamdia kẹ́dùn ní Alabar, obìnrin náà mú un wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí àwọn obìnrin tó wà lójúde má baà gbọ́. Ó ní dókítà sọ fún òun pé oògùn méjì tí kò yẹ kó pàdé ni òun pa pọ̀ fún ọmọ náà, pé ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì kúrò lára rẹ̀, ó ń pọ̀ sí i títí ó fi bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n bi òun léèrè ibi tí òun ti rí oògùn àtijọ́.

"Mo ní ọwọ́ àwọn tó ń kiri oògùn lọ́jà ni mo ti rà á," ni Hamdia wí. "Mi ò dárúkọ yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, Dókítà."

Ọdúnọlá jókòó sórí ibùsùn níbẹ̀. Hamdia, tí ọmọ kú fún, ló ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ayọ̀níyì ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òkú kò ní jí, ìyá òkú sì ti bò ó láṣìírí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Ọdúnọlá. Ó ń ro gbogbo àwọn tí òun ti fún ní oògùn láti inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, tí òun kò bi nǹkan kan. Ó wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ oògùn, ó sì rò fún wọn, láti orí lílọ Evelyn títí dé ikú Ràzíátù. Obìnrin tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, obìnrin náà ní, "Ìgbà tí apoògùn lọ ló yẹ kí o wá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni à bá ti ti ilé oògùn yẹn pa."

Òdodo ni. Gbogbo oṣù tí Ọdúnọlá fi ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́, kò wá sí i lọ́kàn pé iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni láti lọ sọ.

Wọ́n ti ilé oògùn náà pa. Godfred sọ pé òun kò mọ̀ rárá pé ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì pẹ́ tó fi rí apoògùn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kwabena, wọ́n sì tún ṣílẹ̀kùn fún un. Orúkọ Ọdúnọlá ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé àwọn tẹkiníṣíànì. Ó gbà á, kò jiyàn. Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọlọ́pàá yóò lọ sí Alabar.

Hamdia wá bá a nílé ní ọ̀sán. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò gba àga. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ti mú òun lọ, wọ́n bi òun ìdí tí òun fi purọ́, wọ́n bi òun bóyá òun mọ̀ọ́mọ̀ fún ọmọ òun ní oògùn púpọ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n hú òkú ọmọ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn aládùúgbò kò kí òun mọ́.

Ọdúnọlá ní òun kò fẹ́ kí irọ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀ ni, pé ẹ̀bi òun ni, òun kò sì lè gbé e pamọ́.

"Ta ló ní kí o bá mi gbé e?" ni Hamdia wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò pè é ní dókítà, tí kò sì fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo bí i, Ọdúnọlá. Èmi ni mo fún un mu. Mo ti rí ibi tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà sí, kí n lè máa sùn. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí n sin ọmọ mi tán?"

Hamdia yí padà, ó gba ọ̀nà tó wá lọ.

Wọn kò hú òkú náà ní ìgbẹ̀yìn, ẹjọ́ náà sì rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Hamdia ti kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú Tamale, lápá àríwá, kó tó gbọ́. Ọdúnọlá ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kò fèsì. Ó tún ránṣẹ́, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí nọ́ńbà náà kọ̀, Ayọ̀níyì dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a nínú òkùnkùn yàrá, ó tan iná. Ó bi í bóyá oúnjẹ wà. Ọdúnọlá ní ó wà. Ó dìde, ó lọ bù ú wá fún un.