Ọlágòkè Gbin Òdòdó Bí Ẹni Gbin Iṣu

Bí wọ́n bá kó gbogbo àgbẹ̀ tó wà láti Òtu dé Kòmu jọ, tí wọ́n ní kí ẹni tó gọ̀ jù bọ́ síwájú, Ọlágòkè ọ̀rẹ́ mi á ti dé iwájú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìwé kíláàsì mẹ́ta péré ni èmi Ràsáàkì kà, nítorí pé olùkọ́ wa sá fún mi. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé gbogbo nǹkan tó ní ewé kọ́ ni iṣu.

Mọ́rìnọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ni Ọlágòkè fẹ́ fẹ́. Ọdún kan gbáko ló fi ń ru iṣu lọ sílé wọn, títí ìyá ọmọ náà ò fi rí ibi na ẹsẹ̀ sí mọ́. Ọmọ ò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun ò gbà. Nígbà tó ku ọ̀la kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ oṣù kan n'Íbàdàn, ó gbé òdòdó inú ilé kan wá fún un. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ihò sì wà lára rẹ̀ káàkiri.

"Bọ̀dá Ọlágòkè, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọ nídìí ìkòkò. Ẹ bá mi pààrọ̀ ìkòkò fún un, èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé e sóòrùn o, ẹ má sì bomi pa á. Tí mo bá dé tí mo bá a ní dáadáa, màá fún yín lésì."

Ọlágòkè lu àyà gbì. "Èmi tí ọkùnrin mẹ́rin ń gbé iṣu mi! Ewé lásán lo fi ń dán mi wò?"

Ọmọ ò tíì dé Ìsẹ́yìn tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ àwọn ihò náà. "Kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán!" Ló bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń fín oògùn sí ẹ̀wà. Adìẹ àdúgbò sín fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó fa òdòdó yọ, ó mú ọ̀bẹ, ó ń fá gbòǹgbò rẹ̀ dànù.

"Kí lò ń gé yẹn?" ni mo bi í.

"Orí iṣu là ń gbìn. Ta ló ń gbin irun rẹ̀?"

Ìkòkò tí Mọ́rìnọ́lá ní kó fi díẹ̀ tóbi ńkọ́? Báàfù tí ìyá Ọlágòkè fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni, èyí tí màlúù méjì lè wẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n má fara kanra. Kò dá ihò kankan sí i nídìí. Ó kó erùpẹ̀ oko sí i, ó kọ ebè sí i láàárín, ó da ajílẹ̀ sí i, ó ri igi mọ́ ọn, ó fi koríko gbígbẹ bò ó lórí. Ó wá gbé e sí gbangba oòrùn, ó ń bomi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí fìlà mi fi fò dé Ṣakí. "Ọlágòkè, o ò kúkú pe àwọn ará oko wá bá ẹ ro ó!"

Kí oṣù tó pé, ewé ti pọ́n, ìdí rẹ̀ ti rà, òórùn rẹ̀ sì lè jí òkú. Mọ́rìnọ́lá dé, ó lóṣòó ti báàfù.

"Kí lẹ fi ṣe báyìí?"

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Ìwọ náà wo ihò..."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn!"

Mo tú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá Ràsáàkì, ojú yín ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ ò lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀ àfi láti fi rẹ́rìn-ín?"



Mọ́rìnọ́lá gé gbogbo ibi tó rà kúrò, ó ku kùkùté kan bí ìka. Ó lu ihò sí ìdí ike ọ̀dà kékeré kan, ó po erùpẹ̀ mọ́ yanrìn àti èédú wẹ́wẹ́, ó gbìn ín, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ Ọlágòkè.

"Ẹ máa ti ìka bọ erùpẹ̀ rẹ̀. Tó bá ṣì tutù, ẹ má bomi sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá yọ ewé, ẹ pè mí. Tó bá kú, ẹ má wàhálà láti wá sílé wa mọ́."

Ẹ wá wo àgbẹ̀ ńlá! Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kí ọwọ́ má baà ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ fi í ṣẹ̀sín. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje kí ewé kan tó yọ, ó ká bí ẹní. Ọlágòkè pe Mọ́rìnọ́lá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbẹta.

Mo ní, "Ewé yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ṣebí ọwọ́ la fi ń fa iṣu sórí igi lóko? Jẹ́ kí n tú u, kí Mọ́rìnọ́lá lè bá a ní títẹ́."

Mo nawọ́. Ọlágòkè gbá ọrùn ọwọ́ mi mú bí pàkúté ṣe ń mú ọ̀kẹ́rẹ́.

"Fi sílẹ̀!"

"Ìwọ tó fi ọ̀bẹ fá a lórí?"

"Èmi náà ni. Fi sílẹ̀, á ṣí fúnra rẹ̀."

Àṣé Mọ́rìnọ́lá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ewé, ó wo ọwọ́ mi nínú ọwọ́ Ọlágòkè.

"Bọ̀dá Ọlágòkè," ó ní, "ẹ ní kí àwọn ará ilé yín máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Iṣu ọdún kan, tó lè bọ́ gbogbo Òkè-Ògùn, kò rí ìyàwó gbà. Ewé kan ṣoṣo, tí kò tilẹ̀ ṣe é fi pọ́n ẹ̀kọ, ló gbà á. Òmùgọ̀ ni Ọlágòkè ṣì jẹ́ o. Èmi tí mo gbọ́n, èmi nìkan ni mo ṣì ń dá jẹun, ọrùn ọwọ́ sì ń dùn mí.