Abọ́ Ojú Fèrèsé

Káàdì oògùn kan bọ́ látinú àpò ṣòkòtò tí ìyá alágbàfọ̀ kan fẹ́ fọ̀, ó balẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Hóró mẹ́wàá ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Kò ku ẹyọ kan. Ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ni.

Alágbàfọ̀ náà tẹ̀ ba, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ó mú un. Láti ọdún méjìlélógún tó ti ń fọṣọ, òfin kan ló ní: kó tó ki aṣọ bọ omi, á tú àpò, ohun tó bá rí, á gbé e sínú abọ́ funfun tó wà lójú fèrèsé. Olóhun á wá mú ohun rẹ̀. Ó ti rí lẹ́tà àlè rí. Ó ti rí eyín àtọwọ́dá nínú kóòtù ọkọ ìyàwó. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Káàdì méjì àkọ́kọ́ náà, inú abọ́ ló gbé wọn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ sì jọ mu tíì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́. Lónìí, ó di káàdì náà mọ́wọ́. Ó rẹ̀ ẹ́. Ogójì aṣọ ibùsùn ṣì ń dúró dè é.

Lọ́sàn-án, ọmọ náà ti ilé iṣẹ́ ìránṣọ dé, ojú rẹ̀ ti wọnú. Abọ́ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bọ́tìnnì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Màámi, ẹ ò rí nǹkan kan lápò mi?"

"Mo rí i." Ó la ọwọ́ rẹ̀. "Kí lò ń lo oògùn yìí fún?"

Ọmọ náà jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó rẹ́rìn-ín. "Háà. Ẹ wá bi mí lónìí."

"Mò ń bi ọ́ lọ́rọ̀, ò ń rẹ́rìn-ín?"

"Màámi, ta ni ò mọ̀ pé ẹ máa ń tú àpò? Tí mo bá fẹ́ fi pamọ́, ṣé inú aṣọ tí ẹ máa fọ̀ ni màá fi í sí? Torí kí ẹ lè bi mí ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò lè dá fi í sílẹ̀ mọ́. Mo ti gbìyànjú."

Omi ń kán lára aṣọ.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí nídìí ẹ̀rọ. Oògùn tiyín ni mo kọ́kọ́ mú."

Ìyá náà jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó lọ́sàn-án gbẹ̀yìn. Hóró méjì lòun náà máa ń lò láràárọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn lè gbà fún un láti dìde. Ó ti ju méjì lọ báyìí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀, àpò kan ṣoṣo tí kò tú rí, ó fa káàdì tirẹ̀ yọ, ó sì nawọ́ gbé méjèèjì sínú abọ́.

"Mélòó lò ń lò lójúmọ́?"

"Márùn-ún. Mẹ́fà nígbà mìíràn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Aago mẹ́rin ni ilé ìwòsàn máa ń tì; tí àwọn méjèèjì bá tètè lọ, wọ́n ṣì lè bá dókítà. Ó wo àwọn aṣọ ibùsùn náà, ó fi wọ́n sílẹ̀ sínú omi. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀. Ọmọ rẹ̀ sì na ọwọ́ sí i.